Kiní: Ọ̀rọ̀ Kékeré Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Gba Ẹ̀mí Mi ní Gáréèjì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láàyè lónìí kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Gáréèjì Ìkòròdú. Ó ti lé lóṣù mẹ́fà báyìí. Àwọn kan nínú yín rí mi nígbà tí wọ́n so apá mi kọ́ ọrùn, ẹ bi mí léèrè, mo sì sọ fún yín pé ọ̀kadà ló gbé mi ṣubú. Irọ́ ni mo pa. Ẹ forí jì mí, ojú ló ń tì mí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fa gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni "kiní".

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ta ni kì í lò ó nínú wa? Bí orúkọ nǹkan bá ti sá mọ́ wa lẹ́nu, kiní la máa pè é. Súwéébá ìyàwó mi lè wà ní kíṣìnnì kó ní kí n bá òun mú kiní tó wà lórí kiní wá. Màá mú ìdérí ìkòkò tó wà lórí fíríìjì fún un, kò sì ní sí àṣìṣe kankan. Nídìí iṣẹ́ wa ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mò ń tún ṣe. Bí mo bá na ọwọ́ pé kí wọ́n fún mi ní kiní, ẹni tó dúró tì mí ti mọ̀ bóyá sípánà ni àbí pílọ́ọ̀gì. Ọ̀rọ̀ náà kò ní ìtumọ̀ kan tó jẹ́ tirẹ̀. Ojú ẹni tó ń sọ ọ́ àti ibi tó nàka sí la fi ń mọ̀ ọ́n.

Àmọ́ ẹ mọ̀ pé kiní kan tún wà, èyí tí ìtìjú kì í jẹ́ ká dárúkọ rẹ̀ níwájú àgbà. Kiní ọkùnrin. Èyí ni wọ́n tìtorí rẹ̀ fẹ́ dáná sun mí.

Ràṣídì lorúkọ mi, ọmọ Ìwó ni mí, Ìgbògbò ni mo háyà ilé sí. Àwọn apẹja Ìlàjẹ tó ń gbé létí ọ̀sà ní ìhà Ẹ̀pẹ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ẹ́ńjìnnì ọ̀kan lára wọn, Bọ̀dá Níyì, ti dẹnu kọlẹ̀. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí kò ti lọ sójú omi. Mo ti tún kabúrétọ̀ rẹ̀ ṣe nílé. Mo fi àkísà wé e, mo kó o sínú náílọ́ọ̀nù dúdú kan, mo sì gba gáréèjì lọ láàárọ̀ láti wọ bọ́ọ̀sì Ẹ̀pẹ́.

Bọ́ọ̀sì kò tíì kún. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá àgbà kan àti ọmọ wọn obìnrin. Bàbá wà lójú fèrèsé, ọmọ wọn wà láàárín. Ọmọbìnrin náà kí mi dáadáa, ó ní Bùkọ́lá lòún ń jẹ́. Ó sọ fún mi pé ara Ẹ̀pẹ́ làwọn, pé àwọn gbé Bàbá wá rí dókítà ni, àwọn sì ń padà sílé. Káfíńtà ni Bàbá tẹ́lẹ̀. Ó ní kò sí àdúgbò kan lọ́dọ̀ àwọn tí Bàbá kò kan òrùlé ilé sí. Lẹ́yìn náà ni àìsàn rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n. Ẹsẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ padà, àmọ́ ọ̀rọ̀ kò padà.

Bùkọ́lá ní kiní nìkan ló kù lẹ́nu wọn. Omi ń jẹ́ kiní. Oúnjẹ ń jẹ́ kiní. Òun gan-an tó jẹ́ ọmọ wọn, "kiní mi" ni wọ́n máa ń pè é. Ó ní ó kọ́kọ́ máa ń dun òun dé egungun, àmọ́ nígbà tó yá òun kọ́ láti máa gbọ́ ọ. Ó ní ohùn wọn kì í jọra bí wọ́n bá ń pe òun àti bí wọ́n bá ń pe omi.

Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, Bàbá wo ojú mi, wọ́n nàka sí fèrèsé, wọ́n ní kiní. Mo rí i pé èéfín ọkọ̀ iwájú ló ń wọlé, mo nawọ́ kọjá, mo sì ti gíláàsì náà. Wọ́n mirí sí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Inú mi dùn bí ẹni pé mo yege ìdánwò.

Ìgbà tó yá, Bùkọ́lá ní òún fẹ́ ra búrẹ́dì àti omi kí Bàbá lè lo oògùn. Ó ní, ẹ jọ̀ọ́ Bọ̀dá, ẹ bá mi wo Bàbá. Mo ní kò séwu. Ó sọ̀ kalẹ̀, èmi sì sún mọ́ Bàbá.

Oorun gbé Bàbá lọ. Náílọ́ọ̀nù kan wà lórí itan wọn, dúdú bíi tèmi, ó sì ti ń yọ̀ lọ sílẹ̀. Mo rọra mú un, mo gbé e sí ẹsẹ̀ wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi kó má bàa já lulẹ̀. Ẹ wò ó, oore ni mo pe ìyẹn.

Ni Bọ̀dá Níyì bá pè mí lórí fóònù. Ó ní pílọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì náà ti kú, kí n bá òun ra méjì bọ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á kò jìnnà, òdìkejì gáréèjì ni. Mo wo bọ́ọ̀sì, ó ṣì ku èèyàn mẹ́rin. Mo wo ìta, mo rí Bùkọ́lá lọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì. Mo ní kí n sáré lọ kí n sáré bọ̀. Mo na ọwọ́ sísàlẹ̀, mo mú náílọ́ọ̀nù kan, mo bọ́ sílẹ̀.

Wọ́n ní kí n wo èèyàn, mo dìde mo lọ. Mi ò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín.

Mi ò tíì rìn tó ogún ìṣísẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi. Bàbá ti jí. Wọ́n wo itan wọn, wọn ò rí nǹkan wọn. Wọ́n wo ìta, wọ́n rí i lọ́wọ́ mi. Wọ́n sún dé ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, wọ́n yọ orí síta, wọ́n ń fi ọwọ́ kan lu itan, wọ́n ń fi èkejì nàka sí mi.

"Kiní mi! Kiní mi!"

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Bàbá àgbà, tó ń nàka sí itan ara rẹ̀, tó ń pariwo pé kiní òun. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ìròyìn kan ń lọ káàkiri orí fóònù pé àwọn kan ń rìn kiri, tí wọ́n bá ti fara kan ọkùnrin, kiní rẹ̀ á pòórá. Èmi gan-an gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ náà. Mo tiẹ̀ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹnì kan bi Bàbá léèrè pé ta ló mú un. Bàbá nàka sí mi. Ó tán.

Ìgbájú àkọ́kọ́ bá mi kí n tó yíjú padà tán. Mi ò rí ẹni tó gbá a. Ẹnì kejì di kọ́là ẹ̀wù mi mú, ẹnì kẹta gba fóònù mi. Mo ń bi wọ́n pé kí ni mo ṣe, àmọ́ ta ló ń dá mi lóhùn? Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì ló wá síwájú mi. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré.

Ó ní, "Dá a padà."

Mo wo ọwọ́ mi, ìgbà yẹn ni mo rí i pé náílọ́ọ̀nù tí mo mú kì í ṣe tèmi. Mo rí igun rédíò kékeré kan àti káàdì ọsibítù. Ẹ gbọ́, ọkàn mi tiẹ̀ balẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti yé mi. Mo na náílọ́ọ̀nù náà sí i.

Mo ní, "Ẹ gbà á, òun nìyí. Mo ṣèèṣì mú un ni."

Ha! Ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹnu ara mi ni mo fi dá ara mi lẹ́bi. Gbogbo wọn fò sẹ́yìn bí ẹni tó rí ejò. Wọ́n ní mo ti jẹ́wọ́, wọ́n ní inú náílọ́ọ̀nù ló wà. Kò sí ẹnì kan tó láyà láti wo inú rẹ̀. Ọkùnrin tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì yẹn fi ẹsẹ̀ gbá a kúrò lọ́wọ́ mi, ó sì fi pákó kan là mí lápá. Mo gbọ́ bí egungun náà ṣe dún. Ohùn yẹn kò tíì kúrò létí mi.

Mo ṣubú. Ẹni tó bá ti ṣubú láàárín èrò, ẹsẹ̀ ni yóò máa rí. Sálúbàtà, bàtà awọ, ẹsẹ̀ lásán. Wọ́n ń tẹ̀ mí níkùn, wọ́n ń ta mí nípàá lórí. Òkúta kan bá mi lẹ́nu, eyín méjì dà sínú ọ̀fun mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì. Obìnrin kan ń fi bẹ́líìtì nà mí, ó ń sọ pé ọmọkùnrin mẹ́ta lòún bí, ṣé mo fẹ́ sọ wọ́n di nǹkan mìíràn ni. Ẹ̀jẹ̀ dí mi lójú ọ̀tún. Mo ń pariwo pé mi ò mú kiní kankan. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti pe kiní yẹn ni ìyà náà ń le sí i.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìyà kì í dun èèyàn mọ́ bó ṣe yẹ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé mo gbọ́ tí ẹnì kan ní kí wọ́n yí táyà wá. Mo gbọ́ bí táyà náà ṣe ń yí bọ̀ lórí yẹ̀pẹ̀. Wọ́n gbé e lé mi láyà, ó wúwo, omi òjò tó wà nínú rẹ̀ dà sí mi lọ́rùn. Ẹlòmíràn ti gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò dání. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka kálímátù ṣahádà. Àmínà ọmọ mi ló wà lọ́kàn mi. Mo ń rò ó pé ta ni yóò sọ fún un, kí ni wọ́n sì máa sọ pé bàbá rẹ̀ ṣe?

Ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí ni mo ti rí ohun tó burú ju tèmi lọ. Ẹnì kan ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ Bàbá wò. Ọkùnrin méjì fa Bàbá sọ̀ kalẹ̀ látinú bọ́ọ̀sì. Wọ́n dúró ti Bàbá lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì fa ṣòkòtò Bàbá wálẹ̀ dé orúnkún, ní gbangba, lójú obìnrin lójú ọmọdé. Bàbá ń fi ọwọ́ tó lágbára wá ṣòkòtò náà, ọwọ́ kò tó o.

Orí ìyẹn ni Bùkọ́lá dé bá wọn. Búrẹ́dì já lọ́wọ́ rẹ̀. Ó já ìborùn rẹ̀, ó fi wé ìbàdí bàbá rẹ̀, ó sì fi ara rẹ̀ dí wọn.

Ṣé ẹ máa rò pé ọ̀rọ̀ ti parí? Gbogbo ayé ti rí i pé kiní Bàbá wà níbi tí Ọlọ́run fi sí. Rárá o. Ẹnì kan fi ohùn rara sọ pé ìyà tí wọ́n fi jẹ mí ló mú kí n dá a padà. Wọ́n ní bí wọn ò bá sun mí, màá lọ gba ti ẹlòmíràn. Ẹ̀rí tó yẹ kó gbà mí là ló wá di ẹ̀rí tí wọ́n fẹ́ fi pa mí.

Bùkọ́lá sáré dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ń ṣàlàyé pé àìsàn ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu bàbá òun, pé gbogbo nǹkan ni wọ́n ń pè ní kiní, pé rédíò àti oògùn wọn ni wọ́n ń wá. Ó fa náílọ́ọ̀nù náà ya, ó gbé rédíò náà sókè. Ẹnì kan gbá a létí, ó ní èmi àti Bùkọ́lá la jọ ń ṣiṣẹ́ náà. Mo rí i tó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ sẹ́yìn. Bẹntiróò ti kàn mí lẹ́sẹ̀. Ó tutù.

Bàbá fúnra wọn ló gbà mí.

Wọ́n ti so ìborùn yẹn mọ́ ìdí, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì bọ̀ láàárín èrò, kò sì sí ẹni tó di wọ́n mú, torí Bàbá ni gbogbo èrò ní àwọn ń jà fún. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n wo táyà náà. Wọ́n gbìyànjú láti gbé e kúrò, kò ṣeé gbé. Ni wọ́n bá rọra jókòó sílẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ àti bẹntiróò náà, wọ́n fa orí mi sórí itan wọn, wọ́n sì tẹ́ ọwọ́ lé e.

"Kiní mi," ni wọ́n wí. Ohùn wọn rọ̀, bíi ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Kiní mi."

Bùkọ́lá bú sẹ́kún. Ó sọ fún àwọn èrò pé bí Bàbá ṣe máa ń pe òun nìyẹn. Ó ní ọmọ ni wọ́n ń pè mí.

Àgbà dírẹ́bà kan tí irun rẹ̀ ti funfun jáde síta. Kò pariwo. Ó gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú, ó dé ìdérí rẹ̀. Ó bi wọ́n léèrè pé ẹni tó ni ẹjọ́ ló gbá a mọ́ra yìí, ẹjọ́ ta wá ni wọ́n ń dá? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì yẹn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lọ. Nígbà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá fi máa dé láti gbé wa lọ sí ọsibítù, àwa mẹ́ta àti àgbà dírẹ́bà yẹn ló kù. Obìnrin tó nà mí ní bẹ́líìtì ti padà sídìí ọjà rẹ̀, ó ń pe àwọn oníbàárà.

Ibi méjì ni apá mi ti ṣẹ́. Etí mi òsì kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Nígbà tí Súwéébá dé ọsibítù, ó bi mí pé kí ni mo ṣe fún wọn. Mo ní wọ́n ní mo gba kiní bàbá kan. Ó wò mí títí, ó ń retí kí n sọ pé àwàdà ni. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tí mo lè rìn dáadáa, mo lọ kí Bàbá ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n jókòó sẹ́yìnkùlé nídìí àwọn pákó àtijọ́ wọn. Wọ́n fi ọwọ́ tọ́ apá mi tó ṣẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí káfíńtà ṣe ń yẹ igi wò. Mo dúró pé wọ́n á sọ pé kiní. Wọn ò sọ ọ́. Bùkọ́lá sọ fún mi nígbà tó ń sìn mí jáde pé láti ọjọ́ yẹn, kiní gan-an kò jáde lẹ́nu Bàbá mọ́. Bẹ́líìtì méjì ni wọ́n ń so mọ́ ṣòkòtò, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wẹ̀ fún wọn.

Kí ló dé tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín fi ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ yẹn ránṣẹ́ sí mi padà. Kiní àwọn ọkùnrin tún ti ń pòórá, wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́ sí ogún èèyàn. Mo pa á rẹ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ju pé kí á máa béèrè lọ: kiní wo? Bí ẹnì kan bá ti béèrè ìyẹn lọ́jọ́ náà kó sì dúró gbọ́ èsì, ọ̀rọ̀ ì bá ti yanjú kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Àmọ́ ẹnu wa yá ju etí wa lọ, ọwọ́ wa sì yá ju méjèèjì.

Mo tún ní ohun kan láti sọ, òun gan-an ló sì mú kí ojú máa tì mí. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nítòsí ọjà ẹja ní Ẹ̀pẹ́, mo pàdé èrò tó ń lé ọkùnrin kan. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan pé kí ló ṣe. Ó ní òun kò mọ̀. Mo ṣa òkúta, mo jù ú, ó bà á léjìká, àwọn èèyàn sì yìn mí pé ọwọ́ mi dá ṣáṣá. Mo padà sídìí ẹ́ńjìnnì tí mò ń tú. Mo jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo sì gbádùn rẹ̀. Títí dòní mi ò mọ orúkọ ọkùnrin náà, mi ò sì mọ̀ bóyá ó délé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ kọ ìrírí tiyín sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ èyí tí ẹ dúró wò nìkan. Ẹ kọ èyí tí ọwọ́ yín wà níbẹ̀. Èmi ti kọ tèmi.